Ọmọ Tuntun Ni Àwọn Obìnrin Wọ̀nyí Kọ́kọ́ Wò

Iṣẹ́ àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ni mo fi èyí tó pọ̀ jù nínú ọjọ́ ayé mi ṣe, nílé ìwòsàn ìjọba nílẹ̀ Yorùbá níbí. AA, AS, AC, SS, SC, àwọn lẹ́tà yẹn ni mò ń kọ sórí ìwé láràárọ̀. Ẹni tó bá gba ìwé náà á fi pinnu bóyá òun á fẹ́ àfẹ́sọ́nà òun tàbí òun ò ní fẹ́ ẹ. Pásítọ̀ á gbà á, á fi sínú fáìlì kó tó so wọ́n pọ̀. Àìsàn fòníkú-fọ̀ladìde ni gbogbo rẹ̀ dá lé: lẹ́tà kan wá láti ọ̀dọ̀ bàbá, èkejì láti ọ̀dọ̀ ìyá, ẹni tó jẹ́ SS tàbí SC ló ní àìsàn náà, AS kàn gbé S kan sára ni. Ọ̀rọ̀ kan wà lọ́kàn mi tipẹ́ lórí rẹ̀ tí mo fẹ́ sọ. Bí ẹ bá wo ìtàn ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì nípa àìsàn yìí dáadáa, ẹ óò rí i pé àwọn obìnrin ló yíjú sí ọmọ ọwọ́, tí wọ́n dúró tì í, tí wọn ò sì kúrò níbẹ̀. Ibẹ̀ gan-an ni ẹ̀mí tó pọ̀ jù ti là. Àwa ńkọ́? Ìgbà tí ọmọ bá ti hu irùngbọ̀n, tó fẹ́ gbé ìyàwó, ni àwa ṣẹ̀ṣẹ̀ ń béèrè ohun tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Àwọn tí àìsàn náà ti mú lọ ní kékeré kò sí níbẹ̀ mọ́ kí wọ́n tó dáhùn.

Obìnrin ni ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́. Màmá ni gbogbo wa ń pè wọ́n ní láàbù, títí kan àwọn ọkùnrin tó ti pẹ́ níbẹ̀ jù mí lọ. Wọn kì í pariwo mọ́ ènìyàn, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó jẹ́ kọ èsì sílẹ̀ láìjẹ́ pé ojú ẹni méjì ti kà á. Bí a ṣe ń ṣe iṣẹ́ náà nìyí. A ó fọ ẹ̀jẹ̀ pẹ̀lú omi oníyọ̀ títí yóò fi ku sẹ́ẹ̀lì pupa nìkan. A ó fọ́ àwọn sẹ́ẹ̀lì yẹn kí hímóglóbìn inú wọn, ohun pupa tó ń gbé afẹ́fẹ́ kiri ara, lè jáde. A ó wá to ẹ̀kán rẹ̀ bín-ín-tín sórí bébà funfun tí wọ́n ń pè ní cellulose acetate, èyí tó ti mu omi kẹ́míkà tí a ń pè ní búfà yó. Ẹ̀jẹ̀ tí a ti mọ̀ dájú pé ó jẹ́ AS àti èyí tó jẹ́ AC á wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀jẹ̀ ẹni tí a ń yẹ̀ wò, ká lè fi wé ara wọn. A ó gbé e sínú táńkì, a ó tan iná mànàmáná sí i, hímóglóbìn á sì bẹ̀rẹ̀ sí rìn lórí bébà náà bí àwọn ọmọ iléèwé tó ń sáré ìje. Nínú àwọn oríṣi hímóglóbìn, A ni ẹsẹ̀ rẹ̀ yá jù, F tẹ̀lé e pẹ́kípẹ́kí, S wà lẹ́yìn wọn, C ló ń wọ́ bọ̀ lẹ́yìn pátápátá. Ibi tí ìlà kọ̀ọ̀kan bá dúró sí la fi ń mọ ohun tí ẹni náà gbé wáyé. Bí NEPA bá mú iná láàárín kan, ká da ti tẹ́lẹ̀ nù, ká tún un bẹ̀rẹ̀ ni. Màmá kì í gbọ́ àwáwí lórí ìyẹn.

Ohun kejì tí wọn kì í gbọ́ àwáwí lórí rẹ̀ ni ìbéèrè kan. "Ṣé wọ́n ti fa ẹ̀jẹ̀ sí i lára láìpẹ́ yìí?" Wọ́n ní ká bi ìyá ọmọ kí á tó fọwọ́ kan abẹ́rẹ́. Ìdí ni pé ọmọ SS tí wọ́n bá ti fa ẹ̀jẹ̀ AA sí lára, ìlà A àti ìlà S ni yóò hàn lórí bébà, ẹni tí kò bá béèrè á sì kọ AS. Mo ti rí irú ìwé bẹ́ẹ̀ rí, láti láàbù tí kò béèrè nǹkan kan. Ọmọ ń jẹ̀rora lọ́dọọdún, ìwé ń sọ pé kò sí nǹkan tó ń ṣe é. Ohun tí mo kọ́ lọ́wọ́ Màmá nìyẹn, pé ohun tí ìyá bá sọ wà lára àyẹ̀wò, kì í ṣe àwíjàre tí a ó máa dá lẹ́kun. Ìgbà tí mo wá ń kàwé sí i ni mo rí i pé ojú kan náà ni àwọn obìnrin tó kó ìmọ̀ yìí jọ fi wò ó.

Nígbà tí mo wà níléèwé, orúkọ Linus Pauling, onímọ̀ kẹ́mísìrì ará Amẹ́ríkà, ni wọ́n fi kọ́ wa. Òun àtàwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ ló fi hàn ní 1949 pé hímóglóbìn ẹni tó ní àìsàn yìí kì í rìn bíi ti ẹlòmíràn nínú iná. Òótọ́ ni, iṣẹ́ ńlá sì ni. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ tí wọ́n fi ṣe é tóbi, owó rẹ̀ sì pọ̀, kì í ṣe ohun tí ilé ìwòsàn kékeré lè ní. Kò sẹ́ni tó sọ fún wa nípa Helen Ranney. Obìnrin yìí fẹ́ kọ́ iṣẹ́ dókítà ní Columbia, ní New York, wọ́n kọ́kọ́ kọ̀ ọ́, ó lọ ń ṣiṣẹ́ láàbù ná kó tó tún padà lọ béèrè tí wọ́n fi gbà á. Ní 1953, òun àti David Larson tẹ bí a ṣe lè fi bébà lásán ya hímóglóbìn sọ́tọ̀ọ̀tọ̀ jáde nínú ìwé ìwádìí. Bébà! Ohun tí láàbù ìgbèríko lè ní. Ìdílé ọ̀nà yẹn náà ni bébà tí mo fi ń ṣiṣẹ́ ti wá. Ranney kò dúró síbẹ̀ o. Ní 1973, ó di olórí ẹ̀ka ìṣègùn ní Yunifásítì California ní San Diego, obìnrin àkọ́kọ́ tó di irú ipò bẹ́ẹ̀ mú ní yunifásítì ńlá ní Amẹ́ríkà. Inú mi máa ń dùn nígbà tí mo bá rántí pé inú láàbù ló ti bẹ̀rẹ̀, bíi tèmi, bíi ti àwọn ọmọbìnrin tí mò ń kọ́ báyìí.

Kó tó di ti Pauling pàápàá, Janet Watson ti rí ohun kan ní Brooklyn, ní New York. Dókítà ọmọdé ni. Ní 1948, ó kọ̀wé pé nínú ẹ̀jẹ̀ ọmọ tuntun tí àìsàn yìí wà lára rẹ̀, sẹ́ẹ̀lì tó ń tẹ̀ bíi dòjé kò tó nǹkan rárá. Ó ronú sí i pé hímóglóbìn tí ọmọ ń lò nínú ikùn ìyá rẹ̀, èyí tí a ń pè ní F, ló ń dáàbò bò ó, àti pé bí F bá ṣe ń lọ tí S ń gba ipò rẹ̀ ni ìyà ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí, torí ó jinlẹ̀. Ìyá wo nílẹ̀ Yorùbá ni kò ti sọ ọ́ rí? "Ọmọ mi kò ní nǹkan kan nígbà tí mo bí i. Ó sanra, ó ń rẹ́rìn-ín. Nígbà tó pé bí oṣù mẹ́fà ló bẹ̀rẹ̀." Tí ìyá bá sọ bẹ́ẹ̀, àwọn ará ilé á ní ẹnì kan ló fi ọwọ́ kan ọmọ náà. Wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí wo ojú àwọn tó wá síbi ìkómọ. Kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án. F ló ń tán nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Obìnrin kan ti rí i láti 1948, ó sì ti kọ ọ́ sílẹ̀. Mo gbà nínú ọkàn mi pé púpọ̀ nínú àwọn ọmọ tí àwọn bàbá ńlá wa pè ní àbíkú, tí wọ́n kọ ilà sí lára, tí wọ́n bẹ̀ pé kí wọ́n dúró, SS ni wọ́n.

F yìí náà ló ń fa wàhálà ní láàbù. Ọmọ tí a bí lọ́sẹ̀ tó kọjá, F ló kún inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, S tàbí A rẹ̀ ṣì kéré gan-an. Ìlà F sì fẹ́rẹ̀ẹ́ máa dúró lórí ìlà A lórí bébà. Láàbù ẹ̀gbẹ́ títì tó bá ń kánjú gbowó á rí ìlà kan ńlá, á kọ A. Àyẹ̀wò tí wọ́n fi ń wo bóyá sẹ́ẹ̀lì á tẹ̀, èyí tí wọ́n ń da kẹ́míkà sí lórí díńgí, kò sì lè sọ òótọ́ nípa ọmọ ọwọ́ rárá. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá fún yín ní jẹ́nótáìpù ọmọ tí kò tíì pé oṣù mẹ́fà, ẹ béèrè irú àyẹ̀wò tí wọ́n fi ṣe é, kí ẹ sì tún un ṣe nígbà tó bá dàgbà díẹ̀. Mi ò sọ èyí láti dẹ́rù bà yín. Àyẹ̀wò tó péye fún ọmọ tuntun wà, màá dé orí rẹ̀.

Ìyá kan gbé ọmọ rẹ̀ wá sọ́dọ̀ wa láàárọ̀ ọjọ́ kan, dókítà ọmọdé ló kọ ìwé sí wa. Ọmọ náà kò tíì máa rìn. Ẹ̀yìn ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì wú, ó ń dán, ìka rẹ̀ rí rogodo rogodo. Ẹsẹ̀ rẹ̀ náà rí bẹ́ẹ̀. Òórùn òrí ń ta lára rẹ̀ torí wọ́n ti fi ra á láti alẹ́. Bí mo ṣe na ọwọ́ sí i, ó ti ké kí n tó kàn án. Ìyá ọkọ obìnrin náà bá wọn wá.

"Ẹ dákun, ẹ bá mi wò ó," ìyá àgbà náà ní. "Mo ní bóyá ó sùn lé e lórí ni."

Mo ní, "Rárá, Màmá. Kò sùn lé e. Ẹ̀jẹ̀ ni kò ráyè kọjá nínú eegun rẹ̀ kéékèèké. Ó ń dùn ún gan-an ni."

Nígbà tí èsì jáde tí mo ṣàlàyé, ìyá àgbà wo ìyàwó ọmọ wọn, wọ́n ní, "Nílé tiwa kò sí irú ẹ̀."

Mo fà wọ́n mọ́ra, mo mú wọn jókòó sórí àga mi. "Ẹ má bínú, Màmá. S méjì ló wà lára ọmọ yìí. Ọ̀kan wá láti ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀, ìkejì wá láti ọ̀dọ̀ bàbá rẹ̀. Ìyá nìkan kò lè fún un ní méjèèjì." Wọ́n dákẹ́. Nígbà tó yá, wọ́n ní àwọn náà bí ọmọkùnrin kan rí, ṣáájú ọkọ obìnrin yìí, ọwọ́ rẹ̀ wú bẹ́ẹ̀. Wọn kò sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí i, n kò sì béèrè. Wọ́n gba ọmọ náà lọ́wọ́ ìyàwó, wọ́n pọ̀n ọ́n.

Ọwọ́ tó wú báyìí ló yí ìgbésí ayé Marilyn Gaston, dókítà ará Amẹ́ríkà, padà. Ní 1964, ó ń kọ́ iṣẹ́ lọ́wọ́ ní ilé ìwòsàn Philadelphia General nígbà tí wọ́n gbé ọmọ kan wá pẹ̀lú ọwọ́ wíwú. Ó wò ó bóyá ó fara pa, kò rí nǹkan kan. Ọ̀gá rẹ̀ ló ní kó yẹ ẹ̀jẹ̀ ọmọ náà wò fún fòníkú-fọ̀ladìde, òun náà sì ni. Ohun tó le níbẹ̀ ni pé àkóràn kòkòrò ti wọ ẹ̀jẹ̀ ọmọ náà. Àwọn ọmọ wọ̀nyí ní ẹ̀yà ara kan lábẹ́ egungun ìhà òsì tó yẹ kó máa sẹ́ kòkòrò kúrò nínú ẹ̀jẹ̀, àìsàn yìí sì máa ń bà á jẹ́ láti kékeré. Kòkòrò tí ọmọ mìíràn á fi ikọ́ lásán bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lè pa ọmọ SS kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́. Kì í ṣe ìrora ni ó ń pa wọ́n ní kékeré bẹ́ẹ̀, àkóràn ni. Gaston kò fi ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀ fún ohun tó lé ní ogún ọdún.

Ní 1986 ni òun àtàwọn tó bá a ṣiṣẹ́ tẹ àbájáde ìwádìí wọn jáde. Ọmọ 215 ló wà nínú rẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́ta sísàlẹ̀ ni gbogbo wọn. Wọ́n fún 105 ní pẹnisílíìnì lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, wọ́n fún 110 ní ohun tó jọ ọ́ ṣùgbọ́n tí kò ní oògùn nínú. Nínú àwọn tí kò rí oògùn gbà, mẹ́tàlá ló kó àkóràn tó lágbára, mẹ́ta sì kú. Nínú àwọn tó lo pẹnisílíìnì, méjì péré ló kó o, kò sí ẹyọ kan tó kú nínú wọn. Nígbà tí wọ́n rí i báyìí, wọ́n dá ìwádìí náà dúró ní oṣù mẹ́jọ ṣáájú àkókò rẹ̀, torí kò tọ́ kí wọ́n máa fi oògùn du àwọn yòókù. Pẹnisílíìnì! Kì í ṣe oògùn tuntun, kì í ṣe oògùn olówó ńlá. Ó ti wà ní ilé ìwòsàn káàkiri ayé, ẹni tó máa ronú láti fi fún ọmọ kí àìsàn tó dé ni kò pọ̀.

Ṣùgbọ́n báwo lẹ ṣe fẹ́ fún ọmọ ní pẹnisílíìnì láti oṣù méjì bí ẹ ò bá mọ̀ pé SS ni? Ọdún tó tẹ̀lé e ni wọ́n dáhùn ìyẹn. Ní 1987, National Institutes of Health, iléeṣẹ́ ìwádìí ìlera ìjọba Amẹ́ríkà, pe ìgbìmọ̀ kan jọ, Dókítà Doris Wethers ni alága wọn, obìnrin aláwọ̀ dúdú tó ti ń tọ́jú àwọn ọmọ wọ̀nyí ní New York. Ìgbìmọ̀ náà ní kí wọ́n máa yẹ ẹ̀jẹ̀ gbogbo ọmọ tuntun wò, ìran yòówù kó jẹ́. Gaston ní tirẹ̀ di olórí Bureau of Primary Health Care lọ́dún 1990, obìnrin aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó darí irú ẹ̀ka bẹ́ẹ̀ nínú iṣẹ́ ìlera ìjọba Amẹ́ríkà. Ẹ wo bó ṣe tò tẹ̀lé ara wọn. Ọ̀kan rí i pé F ń dáàbò bo ọmọ, ọ̀kan sọ ọ̀nà àyẹ̀wò di ohun tí apá ká, ọ̀kan fi hàn pé oògùn tó wà nílẹ̀ ń gba ẹ̀mí là, ọ̀kan jókòó sórí àga alága títí ó fi di ìlànà ìtọ́jú. Àwọn ọkùnrin wà níbẹ̀ pẹ̀lú, n kò ní gba iṣẹ́ wọn lọ́wọ́ wọn. Ṣùgbọ́n ẹ̀ka ọmọdé ni wọ́n sábà máa ń ti àwọn obìnrin sí nígbà náà bí wọ́n bá di dókítà, bíi pé ibẹ̀ ló rọrùn. Ibẹ̀ ni wọ́n ti rí ohun tí àwọn tó wà níbòmíràn kò rí.

Kì í sì í ṣe dókítà nìkan. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, nọ́ọ̀sì ni Elizabeth Anionwu tí bàbá wọn jẹ́ ọmọ Nàìjíríà. Ní 1979, àwọn pẹ̀lú Dókítà Milica Brozovic dá ibùdó àyẹ̀wò àti ìmọ̀ràn fún àìsàn yìí sílẹ̀ ní Brent, ní Lọ́ńdọ̀nù, irú rẹ̀ àkọ́kọ́ tí nọ́ọ̀sì ń darí lórílẹ̀-èdè náà. Nígbà náà, aláwọ̀ dúdú tó bá gbé ọmọ tó ń jẹ̀rora lọ sílé ìwòsàn níbẹ̀ lè pàdé dókítà tí kò gbọ́ nípa àìsàn náà rí. Lónìí, àwọn ọmọ wa tó ń bímọ ní Lọ́ńdọ̀nù mọ̀ ọ́n bí ẹni mowó. Ní nǹkan bí ọjọ́ karùn-ún tí wọ́n bímọ, agbẹ̀bí á wá sílé, á gún gìgísẹ̀ ọmọ, á to ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sórí páálí kan. Kó tó di ọjọ́ kẹjọ tí a ó sọ ọmọ lórúkọ, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti wà lójú ọ̀nà láàbù. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin wà níbẹ̀ nígbà tí ọmọ rẹ̀ bímọ, ó fóònù sí mi, ó ní, "Wọ́n mà gún ọmọ àná lẹ́sẹ̀ o, kí ló dé?" Mo ní kó dúpẹ́.

Nílé níbí, a kì í ṣe aláìní ènìyàn. Ọ̀jọ̀gbọ́n Adéyínká Falusi, ọmọ Èkìtì, ti fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣe ìwádìí lórí ẹ̀jẹ̀ ní Yunifásítì Ìbàdàn. Wọ́n wà lára àwọn tó tú u wò ní àwọn ọdún 1980 bí thalassaemia irú ti alpha, àbùkù ẹ̀jẹ̀ mìíràn tí a ń jogún, ṣe wọ́pọ̀ tó láàárín wa àti bó ṣe ń yí àìsàn SS padà. Ìyẹn wà lára ìdí tí tẹ̀gbọ́n-tàbúrò fi lè jẹ́ SS méjèèjì kí ẹ̀jẹ̀ ọ̀kan má sì gbẹ bíi ti èkejì. Wọ́n ti ṣe olùdarí ibùdó ìwádìí ìṣègùn ní College of Medicine níbẹ̀, ní 2001 wọ́n gba àmì-ẹ̀yẹ L'Oréal-UNESCO fún àwọn obìnrin onímọ̀ sáyẹ́ǹsì, fún ilẹ̀ Áfíríkà. Nígbà tí ìròyìn yẹn dé, Màmá gé e nínú ìwé ìròyìn, wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara fíríìjì tí a ń kó ẹ̀jẹ̀ sí. Àwa ọmọbìnrin inú láàbù ń kà á bí a bá ń ṣí fíríìjì. Ohun tí mo bọ̀wọ̀ fún jù nípa Ọ̀jọ̀gbọ́n Falusi ni pé wọn kò jókòó ti ìwé ìwádìí nìkan. Wọ́n dá Sickle Cell Hope Alive Foundation sílẹ̀ ní Ìbàdàn, wọ́n ń bá àwọn ìdílé sọ̀rọ̀ ní èdè tí wọ́n gbọ́.

Ní Àbújá, Ọ̀jọ̀gbọ́n Obiageli Nnodu ń darí ibùdó ìwádìí àìsàn yìí ní Yunifásítì Àbújá. Ní Táńsáníà, Julie Makani ti Yunifásítì Muhimbili ní Dar es Salaam wà lára àwọn tó kó àwọn oníwádìí Áfíríkà jọ kí wọ́n lè máa ṣe àkọsílẹ̀ àwọn aláìsàn pa pọ̀. Ìwádìí Ọ̀jọ̀gbọ́n Nnodu àtàwọn akẹgbẹ́ wọn tó jáde ní 2020 ló wọ̀ mí lára jù. Wọ́n gbé àyẹ̀wò ọmọ lọ síbi tí àwọn ìyá ti ń gba abẹ́rẹ́ àjẹsára, wọ́n sì kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ìlera ibẹ̀ ní bí wọ́n á ṣe fi bébà pẹlẹbẹ kan ṣe é, ẹ̀kán ẹ̀jẹ̀ kan láti gìgísẹ̀, láìsí táńkì, láìsí iná, èsì á jáde kí ìyá tó kúrò níbẹ̀. Bébà yẹn kì í dà F àti A pọ̀. Nígbà tí mo kà á tán, mo pe gbogbo àwọn tó wà lábẹ́ mi jọ, a kà á lẹ́ẹ̀kejì.

Nílé ìwòsàn kan tí mo ti ṣiṣẹ́ rí, wọ́n ra ẹ̀rọ ńlá kan tó ń ka irú hímóglóbìn. Kò sí obìnrin kan nínú ìgbìmọ̀ tó rà á, kò sì sí ẹnikẹ́ni tó ń fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe àyẹ̀wò lójoojúmọ́. Ẹ̀rọ náà dára o. Ṣùgbọ́n òkè òkun ni kẹ́míkà rẹ̀ ti ń wá, jẹnẹrétọ̀ wa kò sì lè gbé e. Nígbà tí kẹ́míkà àkọ́kọ́ tán, wọ́n fi aṣọ bò ó. Lẹ́yìn ìyẹn, Màmá kọ lẹ́tà, wọ́n ní àwọn fẹ́ jókòó níbi tí wọ́n ti ń pinnu ohun tí wọ́n máa rà. Ìgbìmọ̀ náà kò dá wọn lóhùn. Màmá tún kọ ọ́. Lẹ́yìn-ò-rẹyìn, ìgbìmọ̀ náà fún Màmá ní àga kan. Nígbà tí àga náà kan èmi náà, mo ti mọ ohun tí mo máa béèrè kí n tó wọlé: taló máa ṣe é, kí ló máa jẹ, iná wo ló máa lò, ibo la ó ti rí kẹ́míkà rẹ̀ ní oṣù kẹfà? Mo máa ń sọ fún àwọn ọmọbìnrin tí mò ń kọ́ pé kí wọ́n má gbà kí wọ́n fi oyè dídára nìkan tẹ́ wọn lọ́rùn. Ẹni tó ń bójú tó owó ìrajà ló ń darí sáyẹ́ǹsì nílé ìwòsàn.

Ẹ̀yin náà á ti gbọ́ nípa ìwòsàn tuntun tó dé. Emmanuelle Charpentier àti Jennifer Doudna ló gba ẹ̀bùn Nobel fún kẹ́mísìrì ní 2020 lórí ọ̀nà tí wọ́n fi ń gé apilẹ̀-àbùdá bí ẹni ń gé aṣọ. Ní 2019, Victoria Gray, obìnrin kan láti Mississippi, di aláìsàn fòníkú-fọ̀ladìde àkọ́kọ́ ní Amẹ́ríkà tí wọ́n fi ọ̀nà náà tọ́jú. Ní ìparí 2023, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i. Ohun tí ìwòsàn náà ń ṣe ni pé ó ń jí F dìde padà nínú ara àgbàlagbà. F tí Janet Watson sọ ní 1948! Inú mi dùn dé ìwọ̀n tí n kò lè sọ tán. Ṣùgbọ́n owó rẹ̀ ní Amẹ́ríkà lé ní mílíọ̀nù méjì dọ́là fún ẹnì kan, nǹkan bí 150,000 ọmọ ló sì ń gbé àìsàn yìí wáyé ní Nàìjíríà lọ́dọọdún. Bí ẹnì kan nínú mẹ́rin wa ló gbé S kan sára. Kò sí iye dọ́là tó máa kárí wa. Pẹnisílíìnì lè kárí wa. Bébà pẹlẹbẹ yẹn lè kárí wa.

Ìdí nìyẹn tí ara mi kì í fi í balẹ̀ bí mo bá rí i tí gbogbo agbára ìjọ àti mọ́ṣáláṣí wa ń lọ sórí àyẹ̀wò ìgbéyàwó nìkan. Ó dára, kí ẹ máa ṣe é lọ. AS tó bá fẹ́ AS, nínú oyún kọ̀ọ̀kan, ẹnì kan nínú mẹ́rin ni ewu SS, ó yẹ kí wọ́n mọ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ti fẹ́ra wọn ná. Ọ̀pọ̀ ni èsì wọn kò tọ̀nà láti ìbẹ̀rẹ̀. Àwọn mìíràn mọ̀, wọ́n sì fẹ́ra wọn torí ìfẹ́, èmi kò ní dá wọn lẹ́jọ́. Ọmọ ti dé. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́.

Àwọn ọmọbìnrin méjì nínú láàbù wa máa ń lọ sí ibùdó ìlera alábọ́dé ní ọjọ́ tí àwọn ìyá bá gbé ọmọ wá gba BCG. Àǹtí nọ́ọ̀sì tó wà níbẹ̀ ló kọ́kọ́ ní kí wọ́n wá, ó ti rẹ̀ ẹ́ láti máa gbọ́ pé ọmọ tí òun gún ní abẹ́rẹ́ kò sí mọ́. Bébà àyẹ̀wò ni wàhálà wa, torí owó àwọn ẹlẹ́yinjú àánú la fi ń rà á, ó sì máa ń tán kí àwọn ìyá tó tán. A ti kọ̀wé sí àwọn tó ń bójú tó ìlera níjọba ìbílẹ̀, a tún ń kọ ọ́. Bí èsì bá jẹ́ AA tàbí AS, ìyá á gba ìwé rẹ̀, á máa lọ. Bó bá jẹ́ SS tàbí SC, a kì í fi ìwé nìkan lé e lọ́wọ́. Nọ́ọ̀sì á mú un wọ yàrá kékeré, wọ́n á pe bàbá ọmọ lórí fóònù bí kò bá sí níbẹ̀, wọ́n á kọ́ wọn bí a ṣe ń tẹ ìhà òsì ọmọ láti mọ̀ bóyá ó ń wú, wọ́n á sọ fún wọn pé ibà gbígbóná lára ọmọ yìí kì í ṣe ohun tí a ń tìtorí rẹ̀ dúró kí ilẹ̀ mọ́. Kí wọ́n tó kúrò, a ti fún wọn ní ọjọ́ tí wọ́n máa rí dókítà ọmọdé, a sì ti kọ pẹnisílíìnì sórí káàdì, kó lè bẹ̀rẹ̀ sí lò ó bó bá ti pé oṣù méjì.